Físà ẹyọ kan: bí July 8, 2025 ṣe ká Àǹtí mi mọ́ ọ̀nà

Àbúrò màmá mi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Àǹtí la máa ń pè é nílé, kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, torí náà Àǹtí náà ni n ó máa pè é níbí. Télọ̀ ni ní Ìbàdàn, aṣọ ìyàwó àti aṣọ ẹbí ló ń rán jù, ọmọṣẹ́ mẹ́jọ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Láti 2016 ló ti ń lọ Houston, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tí nǹkan bá dáa, ẹ̀ẹ̀kan kí ooru wọn tó mú tí páàtì ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tọ́dún bá ń parí lọ. Á lọ wọn àwọn èèyàn, á gba iṣẹ́, á padà wá rán an nílé, á fi ránṣẹ́. Èmi ni mo ń bá a ṣe gbogbo pépà ẹ̀, èmi ni mo mọ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, torí náà tí mo bá ń sọ pé "a ṣe báyìí, a ṣe báyẹn", ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀, àti pé ibi tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an, èmi ni.

Ẹlòmíì á ti máa sọ pé ṣé físà àbẹ̀wò wá wà fún òwò ni. Tó bá jẹ́ irú òwò yìí, bẹ́ẹ̀ ni o. B1/B2 tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ pásípọ̀ọ̀tù wa nígbà yẹn, B2 inú ẹ̀ wà fún àbẹ̀wò, B1 wà fún ẹni tó wá bá èèyàn sọ̀rọ̀ ọjà tàbí tó wá gba iṣẹ́ tó jẹ́ pé ilé ló ti máa ṣe é. Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn bí nǹkan míì, Matter of Hira ni wọ́n ń pè é, 1965 sí 1966 ni. Télọ̀ ni ọkùnrin yẹn náà, ilé ìránṣọ kan ní Hong Kong ló rán an wá sí Amẹ́ríkà, ó ń wọn àwọn èèyàn fún súùtù, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sí Hong Kong, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán an. Àwọn ìmígíréṣọ̀n ní iṣẹ́ ló ń ṣe, kò sì láṣẹ. Ẹjọ́ ọ̀hún lọ dé ọ̀dọ̀ Attorney General, ibi tó sì já sí ni pé ohun tí B1 gbà ló ń ṣe, torí Hong Kong ni wọ́n ti ń rán aṣọ, Hong Kong lèrè ń lọ. Ọjọ́ tí mo sọ ìtàn yìí fún Àǹtí, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní "Ọkùnrin yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ mi kí wọ́n tó bí mi!" Kì í dúró sí ṣọ́ọ̀bù kankan ní òpópónà Bissonnet ní Houston máa fi máṣíìnì ránṣọ, kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, téèpù àti ìwé nóòtù ló ń gbé lọ. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, kò sí ìgbà kan tẹ́nikẹ́ni sọ pé Àǹtí ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe.

Físà ẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún méjì ni wọ́n fún un, ìgbà tó bá wù ú ló lè wọlé. Ó tún un gbà ní 2018, ọdún méjì náà ni. Ó tiẹ̀ yọ nínú ti August 2019 yẹn, nígbà tí wọ́n fi $110 lé e fún ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bá fún ní B1/B2, lórí $160 tí gbogbo èèyàn ti san tẹ́lẹ̀, wọ́n ní iye tí Nàìjíríà ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tiwọn ló fà á. Nàìjíríà sáré dín tiẹ̀ kù láti $180 sí $150, àmọ́ wọn ò yọ $110 yẹn àfi ìparí 2020. Físà Àǹtí parí nínú Covid, kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan nígbà yẹn. January 2023 ló tún rí òmíràn gbà, ọdún méjì.

Ẹ wá gbọ́ o. March 1, 2023, wọ́n sọ B1/B2 ọmọ Nàìjíríà di ọdún márùn-ún. Àbúrò Àǹtí, tí à ń pè ní Àǹtí Kékeré, tóun náà jẹ́ télọ̀ (agbádá àti bùbá ọkùnrin ni tiẹ̀), tí kò fẹsẹ̀ kan Amẹ́ríkà rí láyé ẹ̀, lọ ṣe ìntáfíù ní May, wọ́n lẹ ọdún márùn-ún mọ́ ọn, ó di May 2028. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ẹni tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láti 2016 tí kò fi ọjọ́ kan kọjá àsìkò rí, ọdún méjì, ẹni tí ò mọ bí ẹnu ọ̀nà wọn ṣe rí, márùn-ún, oṣù mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Àǹtí fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

December 2024, Àǹtí kó ṣọ́ọ̀bù, nínú ìkókùúkòó yẹn ni pásípọ̀ọ̀tù ẹ̀ sọnù, pẹ̀lú físà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó parí. Pásípọ̀ọ̀tù tuntun, pólíìsì rìpọ́ọ̀tù, ẹ mọ gbogbo wàhálà yẹn. Ká ní físà àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni, dropbox là bá fi ṣe é, ká kàn fi pépà sílẹ̀ fún wọn, kò ní rí ọ̀físà kankan sójú, àmọ́ ẹni tí físà àtijọ́ ẹ̀ sọnù, ìntáfíù ni. March 2025 la kọ fọ́ọ̀mù, DS-160, a san $185, wọ́n fún wa ní ọjọ́ nínú oṣù kẹfà.

Ibi tí mo ti ṣe é nìyí. May ni mo ń tún fọ́ọ̀mù yẹn kà, mo rí i pé nọ́ńbà pásípọ̀ọ̀tù, mo kọ 3 síbi tó yẹ kí 8 wà. Irin-àjò ni mo wà, mo ní kí ọmọ káfè kan bá mi tún un ṣe. Ọmọ yẹn ò lè tún èyí tí a ti fi ránṣẹ́ ṣe, ó kọ òmíràn látìbẹ̀rẹ̀, ó tẹ pépà ẹ̀ fún Àǹtí, ọ̀rọ̀ tán. Tuntun yẹn sì ní nọ́ńbà tiẹ̀, nọ́ńbà gígùn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AA. Láti April 22, 2025 ni wọ́n ti kéde fún Abuja àti Lagos pé nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù tí o gbé wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí o fi gba ọjọ́ ìntáfíù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní wọlé. Èmi ka ìkéde yẹn o! Mo kà á, mo tún fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa pé káwọn tó fẹ́ lọ kíyè sára.

Ọjọ́ ìntáfíù yẹn, aago mẹ́ta òru ni Àǹtí kúrò ní Ìbàdàn lọ Lagos. Ẹni tó ń yẹ pépà wò lẹ́nu géètì wo nọ́ńbà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ó ní "Mummy, wọn ò jọra." Kò pariwo mọ́ ọn, kò ṣe é ní ìkà, ó kàn sọ fún un pé kó lọ gba ọjọ́ tuntun. Àǹtí padà sí Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó pè mí, ó ní "Ó dáa, bá mi wá òmíì." Kò bá mi jà. Ká ní ó bá mi jà ni, ó ṣeé ṣe kí n ti gbàgbé.

Ọjọ́ tuntun tí a rí ni July 16. Inú wa tiẹ̀ dùn pé ó yá.

July 8, ìkéde jáde. Físà tí kì í ṣe ti ìgbé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, B1/B2, F tàwọn ọmọ iléèwé, J tàwọn tó lọ fún ètò pàṣípààrọ̀, gbogbo ẹ̀ di ìwọlé ẹyọ kan, oṣù mẹ́ta, fún ọmọ Nàìjíríà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe é fún Gánà, Kamẹrúùnù àti Etiópíà. Ẹni tí wọ́n ti fún ní tiẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, wọn ò fọwọ́ kan tiẹ̀. Ìntáfíù Àǹtí ọjọ́ àkọ́kọ́, nínú June ni o. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, èmi ti ṣírò ẹ̀ tó.

Kálukú ló ní ìdí tó rò pé ó fà á. Àwọn kan ní torí físà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní May 1 ni, pé àwọn náà ń fún ará Amẹ́ríkà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan ní torí BRICS ni, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè bíi Rọ́ṣíà àti Ṣáínà. July 10, Tuggar tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà yẹn sọ lórí Channels pé Amẹ́ríkà ń fúngun mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kí wọ́n gba àwọn ará Fẹnẹsúélà tí wọ́n ń lé jáde, ó ní wàhálà tiwa nìkan ti tó wa, ó tún fa ọ̀rọ̀ olórin ráàpù ará Amẹ́ríkà kan yọ lé e lórí, gbogbo ayé fi rẹ́rìn-ín. Àwọn Amẹ́ríkà dáhùn pé rárá, kì í ṣe torí àwọn tí wọ́n ń lé, kì í ṣe torí físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe torí BRICS, pé torí ààbò ètò ìwọlé tiwọn ni: ìwé ìrìnnà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àwọn tó ń dúró kọjá ọjọ́, àti kí ìjọba máa fún wọn ní àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Èmi ò ní lè bá wọn dá a. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní September, lẹ́yìn tí Gánà gbà kí wọ́n máa kó àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Amẹ́ríkà lé wá sọ́dọ̀ òun, tí ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó dé, wọ́n dá ọdún márùn-ún padà fún Gánà.

Àǹtí lọ ní July 16. Ìntáfíù ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n bi í ohun tó ń lọ ṣe, ó ṣàlàyé, wọ́n bi í iye ìgbà tó ti lọ, ó sọ, ọ̀físà ní wọ́n máa fún un ní físà, ó kí i pé ó dàárọ̀. Àǹtí fò jáde. Èrò ọkàn ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yìí wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, pé ẹni tó ti lọ tó ti bọ̀ tó báyẹn, wọ́n á wo ojú ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ibí sì lọ́pọ̀ èèyàn kì í ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé. Tábìlì kan wà, orúkọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹ̀, irú físà kọ̀ọ̀kan, iye oṣù, iye ìgbà tí wọ́n lè fi wọlé. Ọ̀físà lè sọ pé òun ò fún ọ, àmọ́ tó bá ti ní òun máa fún ọ, kò lè fún ọ ju ohun tí tábìlì yẹn kọ sí iwájú orílẹ̀-èdè pásípọ̀ọ̀tù rẹ lọ. Ìwà rẹ ò sí nínú tábìlì. Ọ̀rẹ́ Àǹtí kan tiẹ̀ ní ṣe ni ká bá lọ ṣe é ní ìlú míì, bóyá Accra tàbí ibòmíì. Pásípọ̀ọ̀tù ni tábìlì ń wò, kì í wo ìlú tí o ti ṣe ìntáfíù, o lè lọ ṣe é lórí òṣùpá. September sì tún ni wọ́n kéde pé kí kálukú lọ máa ṣe tiẹ̀ ní ìlú ẹ̀ tàbí ibi tó ń gbé.

Físà dé. Mo ní kó ya fọ́tò ẹ̀ fún mi. Níbi tí wọ́n kọ Entries sí, tó jẹ́ M (ìyẹn ìwọlé léraléra) ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 1 ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó parí: 20OCT2025.

Tí ẹ bá ń rò pé owó ò tó nǹkan níbẹ̀, $185 fún ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, $18.50 ló ń bọ́ sí lórí ìrìn àjò kan. Pẹ̀lú ẹyọ kan yìí, $185 lórí ọ̀kan, pẹ̀lú owó ọkọ̀ sí Lagos, ibi tó máa sùn, àti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù máa wà ní títì. Òfin tí Trump fọwọ́ sí ní July 4 ọdún yẹn tún ti to $250 míì kalẹ̀ lórí físà, wọn ò tíì gbà á lọ́wọ́ wa nígbà yẹn ṣá. Kì í sì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan o, Kánádà ti sọ láti November 2024 pé físà ọlọ́dún gígùn tó ń wọlé léraléra kì í ṣe ohun tí àwọn á kàn máa fún gbogbo èèyàn mọ́, ọ̀físà ló máa wò ó. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ta tiẹ̀, owó lò ń bá lọ: April 2025, ọdún méjì £475, ọdún márùn-ún £848, ọdún mẹ́wàá £1,059, o ò sì gbọ́dọ̀ lò ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìṣòro tó wà níwájú wa gan-an ni ìgbéyàwó kan ní Houston, November 29, Sátidé tó tẹ̀lé Thanksgiving, aṣọ ẹbí èèyàn 86. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni Àǹtí máa ń lọ, á lọ wọ̀n wọ́n ní August, á padà wá rán an, á tún lọ ní November lọ fi sí wọn lára kó bá wọn tún ibi tó fún àtibi tó rọ̀ ṣe. Ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí. Ṣé ó máa lò ó fún téèpù ni àbí fún abẹ́rẹ́?

A kọ́kọ́ gbìyànjú kí wọ́n wọn ara wọn kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ má dán an wò. Ẹnì kan fi ìdí 28 ránṣẹ́, Àǹtí tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń bá a ránṣọ kàn dákẹ́, ó gbé fóònù kalẹ̀.

Bó ṣe di pé Àǹtí Kékeré lọ nìyẹn. Òun ni físà ẹ̀ ń bẹ, M gbàràgàdà, May 2028. Ó lọ ní August, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan gidi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Àmọ́ télọ̀ agbádá ni o, agbádá ò bi èèyàn ní ibi tí ọyàn dé. Ìwé nóòtù tó gbé bọ̀ wálé, èmi àti Àǹtí jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò gba orúkọ àwọn kan, ó kàn kọ "Wíìgì pupa, àyà 44", "Ẹni tó jókòó ti fíríìjì". Èjìká sí ọmú, kò wọ̀n ọ́n fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí ní "Ṣé àpò ìrẹsì lo lọ wọ̀n ni?" Ìyàwó tuntun ló bá wa yanjú ẹ̀, ó to fọ́tò gbogbo wọn ránṣẹ́, a wá ń fi wíìgì dá wọn mọ̀.

Èmi wá sọ fún Àǹtí pé kó má lo tiẹ̀ ní August tàbí September, kó tọ́jú ẹ̀ di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ibí ni gbogbo ẹbí ti dìde sí mi. Ìyàwó pásítọ̀ wọn ní físà tó máa parí ní October 20, October 20 náà lèèyàn gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ wọn, pé mo fẹ́ kó Àǹtí sí wàhálà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ físà ò sọ ọjọ́ tí o máa kúrò. Ọjọ́ tó wà lórí físà ni ọjọ́ tó kẹ́yìn tí o lè dé ẹnu ọ̀nà wọn. Iye ọjọ́ tí o máa lò nínú ilé, ọ̀físà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa sọ ọ́, inú I-94, àkọsílẹ̀ ìwọlé tí wọ́n ń ṣe fún èèyàn, ló ń wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń wò ó báyìí, B2 sì lè tó oṣù mẹ́fà. Físà oṣù mẹ́ta lè fún ọ ní oṣù mẹ́fà nínú ilé. Ohun tí kò lè fún ọ ni kí o jáde kí o tún padà wọlé, bó o bá ti jáde, ó ti tán, ìbáà ku oṣù méjì lórí ẹ̀.

Àǹtí gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nọ́ńbà AA yẹn, ó ṣì gbà mí gbọ́, ẹ bá mi kí i.

Láàárín ìgbà yẹn nǹkan míì tún ṣẹlẹ̀ tí kò kan físà ṣùgbọ́n tó bá a rìn. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tí kò bá ju $800 lọ, wọ́n máa ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù, bí Àǹtí ṣe máa ń pín aṣọ ránṣẹ́ níyẹn, ìdílé kan páálí kan. August 29, 2025, wọ́n fòpin sí i fún gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ inú August yẹn kan náà ni wọ́n fi 15% lé ẹrù tó bá ti Nàìjíríà wá. A pe ìdílé ìyàwó, a ní kí wọ́n múra owó kọ́sítọ́ọ̀mù sílẹ̀. Wọ́n pariwo díẹ̀, wọ́n san án.

October 15 ló gbéra ní Lagos, 16 ló dé Àtìláńtà, ibẹ̀ ni bàálù kọ́kọ́ balẹ̀ torí náà ibẹ̀ ni wọ́n ti máa wò ó. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí físà parí. Ọ̀físà wo ojú ìwé yẹn, ó wo Àǹtí, ó ní kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí kó tó wá. Àǹtí ní iṣẹ́ ni òun ń pa kalẹ̀, ó fi ìwé ìpè ìgbéyàwó hàn án, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì December 3 hàn án. Ó ní ó dáa. Nígbà tó dé Houston tó sun oorun díẹ̀, a ṣí I-94 wò: April 15, 2026. Mo ya fọ́tò ẹ̀ sí gúrúùpù ẹbí. Ìyàwó pásítọ̀ ò sí nínú gúrúùpù yẹn, àmọ́ mo mọ̀ pé ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ìgbéyàwó lọ dáadáa. "Wíìgì pupa" ti yí wíìgì padà sí dúdú, wọ́n wá a títí kí wọ́n tó rí i, àyà ẹ̀ sì jẹ́ 42. Nínú àwọn àlejò, àwọn kan wá láti London tó jẹ́ pé pásípọ̀ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò, wọn ò gba físà kankan, ESTA ni, àṣẹ ìwọlé kan tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, $40, ọdún méjì, orí fóònù ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìbàdàn ni, ilé bàbá ẹ̀ ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Àǹtí bá a ran bọ́tìnì tó já, kò sọ nǹkan kan.

Àwọn èèyàn ní kó dúró. Wọ́n ní ìjọba ti fún un ní oṣù mẹ́fà, kí ló ń sáré lọ ilé ṣe, tó bá lọ kò mọ ìgbà tó tún máa padà. Lóòótọ́ ni, òfin gbà á kó lò ó tán. Àmọ́ ọmọṣẹ́ mẹ́jọ ló wà nílé, àwọn oníṣẹ́ December sì ti ń pè. Páàtì mẹ́ta ni wọ́n ti fún un níṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún ooru 2026, ó ní òun á gba físà tuntun ní January, ẹyọ kan náà, kò burú, òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó báyìí. December 3, ó wọ bàálù.

December 16, Trump fọwọ́ sí ìkéde míì. Láti January 1, 2026, B1/B2, F, físà M (tàwọn tó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́) àti J, wọ́n dá a dúró fún ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì dá ti àwọn tó fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ dúró pẹ̀lú. Olómìnira Benin wà nínú ẹ̀, Togo ti wà nínú tiẹ̀ láti June. Lára ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ wa ni pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ pẹ̀lú B1/B2, 5.56% dúró kọjá ọjọ́ wọn, ti F, M àti J jẹ́ 11.90%. Mo ka 5.56 yẹn fún Àǹtí. Ó ní kí ni ìyókù ṣe. Mo ní wọ́n padà sílé. Ó ní "Èmi náà padà sílé," ó ń gé aṣọ lọ.

Ẹyọ kan tí a fi gbogbo July ráhùn lé lórí, a ti ń wá a báyìí, kò sí.

Ìkéde yẹn sọ pé ẹni tí físà ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀, kò kàn án. Àǹtí Kékeré nìyẹn. January tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo bá àwọn méjèèjì níwájú dígí, Àǹtí ń mú téèpù yí i lára, ó ń fi hàn án bí wọ́n ṣe ń wọ̀n láti èjìká dé ọmú, láti ọmú dé ìbàdí, ó ní kó tún un ṣe fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́, kó tún un ṣe fún òmíràn, kó gba orúkọ wọn kó tó fọwọ́ kan téèpù. Wọ́n bi mí pé pásípọ̀ọ̀tù Àǹtí Kékeré máa parí ní 2027, ṣé físà máa bá a lọ ni. Mo ní rárá, tó bá gba tuntun, á máa gbé méjèèjì rìn, físà inú ti àtijọ́ ṣì dáa títí ọjọ́ ẹ̀ á fi pé, ohun tó kàn jù ni pé níbi tí wọ́n bá ti ń gba ti tuntun, kí wọ́n má fi nǹkan lu ojú ìwé físà yẹn, kí wọ́n má ya á, kó má sì sọnù.

Bí mo ṣe sọ "sọnù", Àǹtí na ọwọ́. Pásípọ̀ọ̀tù Àǹtí Kékeré ò sí nílé Àǹtí Kékeré mọ́, inú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kówó sí ní ṣọ́ọ̀bù ló wà, ọrùn Àǹtí ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà.